Opó Ọmọ-Ogun àti Òṣùwọ̀n Dúkìá

Kíkà: 1 Tímótì 5:3–16

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí òfin Amẹ́ríkà ń kà mọ́ dúkìá opó ọmọ-ogun, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tàbí nínú àwọn ọmọ wa má baà pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí àìmọ̀.

Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà. Bí irú ọkọ bẹ́ẹ̀ bá kú, owó kan wà tí ìjọba lè máa san fún opó rẹ̀ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó san án, wọn yóò bi í pé: Kí ni o ní?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Nínú ibi tí a kà, Pọ́ọ̀lù fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún opó tí ìjọ yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí ẹbí tó lágbára kọ́kọ́ tọ́jú tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1890 ní kí opó ọmọ-ogun fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ òun nìkan ni òun fi ń jẹun. Harriet Tubman, obìnrin tó kó ọ̀pọ̀ ẹrú jáde sí òmìnira, jẹ́ opó ọmọ-ogun. Ó béèrè ní 1890. Ó di 1895 kí wọ́n tó fọwọ́ sí dọ́là 8 lóṣù fún un.

1. Ta ni owó yìí wà fún?
Ó wà fún opó tí kò tíì fẹ́ ọkọ mìíràn, àti ọmọ tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó tí kò tó ọdún 18, tàbí tí kò tó 23 bó bá wà ní ilé-ìwé. Olóògbé gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ológun ní àkókò tí òfin kà sí àkókò ogun. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1990 títí di òní ni òfin ṣì kà sí ọ̀kan nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó lè má ti dé ojú ogun rárá.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ológun ló fa ikú rẹ̀, owó mìíràn wà tí a ń pè ní DIC. Ìyẹn kò ní òṣùwọ̀n dúkìá rárá.

2. Kí ni wọ́n ń kà?
Láti December 1, 2025 di November 30, 2026, òṣùwọ̀n náà jẹ́ dọ́là 163,699. Wọ́n máa ń yí i padà lọ́dọọdún. Owó tó wà ní báńkì, ilẹ̀, ilé mìíràn tí a kì í gbé, àti owó tó ń wọlé lọ́dún kan, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rò pọ̀. Wọn kì í ka ilé tí opó ń gbé àti ilẹ̀ rẹ̀ tí kò ju éékà méjì lọ, tàbí ọkọ̀ rẹ̀, tàbí ẹrù inú ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ìyá kan ń gbé ilé tó tó dọ́là 300,000. Ó ní 90,000 ní báńkì, 8,000 sì ń wọlé fún un lọ́dún. Dúkìá rẹ̀ lójú òfin jẹ́ 98,000. Kò kọjá òṣùwọ̀n. Bí kò bá ní ọmọ lọ́dọ̀, iye tí òfin fẹ́ kó máa rí lọ́dún jẹ́ 11,699. Ìjọba yóò fi 3,699 kún 8,000 rẹ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 308 lóṣù. Bí owó ìwòsàn tó ń ná bá pọ̀, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tó ń wọlé.

3. Àṣìṣe méjì
Èkíní ni ti opó tó sọ pé, “Mo ní ilé, wọn kò ní fún mi,” tí kò sì béèrè. Ilé tó ń gbé kò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń gba owó náà tó sì ta ilé, èrè rẹ̀ di dúkìá, àfi èyí tó bá fi ra ilé mìíràn kí ọdún náà tó parí.

Èkejì ni ti ẹni tí wọ́n gbà níyànjú pé kó yára kọ dúkìá sórúkọ àwọn ọmọ. Láti October 18, 2018, ìjọba ń wo ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ohun tó fi tọrẹ bá jẹ́ èyí tí ì bá mú un kọjá òṣùwọ̀n, wọ́n lè dá owó náà dúró fún un títí dé ọdún márùn-ún. Dúkìá ti lọ, owó kò sì wọlé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nínú fọ́ọ̀mù, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba fún ní àṣẹ láti ṣèrànwọ́. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gba owó lọ́wọ́ opó nítorí àtikọ ìbéèrè àkọ́kọ́ fún un. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ló dé tí òfin kò fi ka ilé tí opó ń gbé mọ́ dúkìá rẹ̀?
2. Opó wo ni a mọ̀ tó nílò kí a bá a ka ìwé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí?