Mọ Ibi Tí O Gbé E Sí

Bíbélì Kíkà: 2 Àwọn Ọba 6:1-7
Àkọsórí: Lúùkù 16:10

Ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ yìí wà fún ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń sọnù. Ó wà fún ẹni tí ń fi fóònù ẹlòmíràn pe fóònù ara rẹ̀ kí ó tó lè jáde nílé, ẹni tí ó ti ra agbòjò mẹ́ta lọ́dún kan tí kò sì lè sọ ibi tí ọ̀kankan wà. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń nà ọ́ nítorí pẹ́ńsùlù àti rúlà. Nísinsìnyí tí o ti di òbí, káàdì ATM àti ìwé mọ́tò ni o ń wá kiri. O ti gbà pé bí a ṣe dá ọ nìyẹn. Rárá o! Àṣà ni, a sì lè bọ́ lọ́wọ́ àṣà.

Kí ni a sábà máa ń ṣe nígbà tí nǹkan bá sọnù? A máa ń wá ẹni tí ó gbé e kí a tó wá nǹkan náà. A ó pe ọmọ ọ̀dọ̀, a ó ní kí ó kúnlẹ̀ kí ó jẹ́wọ́. Bí kò bá sí ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé, a ó ní ọwọ́ ayé ni, a ó sì gbé e sínú àdúrà ìjagun. Ní ọjọ́ kẹta, kọ́kọ́rọ́ á jáde láti inú fìríísà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tí ìwọ fúnra rẹ kó síbẹ̀ nígbà tí o ti ọjà dé. A ti rí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí a pè ní olè ńkọ́? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Òfin kẹsàn-án kọ ẹ̀rí èké, kò sì yọ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀.

Wo ohun tí a kà lónìí. Àwọn ọmọ wòlíì ń gé igi létí odò Jọ́dánì láti kọ́ ilé, ni irin àáké ọ̀kan nínú wọn bá bọ́ sínú omi. Ó kígbe, nítorí pé ṣe ni ó yá a. Kíyè sí ohun tí Èlíṣà kọ́kọ́ ṣe. Kò wádìí ọ̀tá tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kò sì fẹ̀sùn kan àwọn tí wọ́n jọ ń gé igi. Ibi tí irin náà bọ́ sí ni ó béèrè, ọkùnrin náà sì fi ibẹ̀ hàn án. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ìyanu tó dé, tí irin léfòó. Ọlọ́run lè ṣe ohun tí ó ju agbára ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ọkùnrin náà ni láti mọ ibi tí ó bọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an ni àwa ti ń kùnà. Ojú rẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí irin náà já. Ojú tiwa kì í sí níbẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa ọpọlọ pàápàá rí i bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2001, Daniel Schacter, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Harvard, gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀nà 7 tí ìrántí fi máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Àìfọkànsí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé o gbàgbé ibi tí o gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Ọkàn rẹ kò gbà á sílẹ̀ rárá nígbà tí ọwọ́ rẹ ń gbé e kalẹ̀. Ọwọ́ ń gbé kọ́kọ́rọ́, etí wà lórí fóònù, ẹnu ń bá ọmọ wí. Ohun tí a kò kọ sínú ìwé, báwo ni a ó ṣe kà á níbẹ̀? Ìdí nìyí tí o fi lè ronú títí orí á fi máa fọ́ ọ, tí kò sì ní wá sí ọ lọ́kàn.

Kí wá ni ṣíṣe?

1. Fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀. Kan ìṣó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn fún kọ́kọ́rọ́. Gbé abọ́ kan sórí tábìlì fún fóònù, awò ojú àti pọ́ọ̀sì. Má ṣe wá kọ̀rọ̀ tuntun lójoojúmọ́ láti fi nǹkan pamọ́ fún olè; ìwọ fúnra rẹ ni o ń fi í pamọ́ fún.

2. Fi ẹnu sọ ọ́. Bí o bá gbé nǹkan sí ibi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀, wí i jáde pé, “Mo gbé awò ojú mi sórí fìríìjì o.” Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ á pe ọkàn rẹ wá síbi tí ọwọ́ rẹ wà.

3. Ka ẹrù rẹ kí o tó dìde. Obìnrin inú Lúùkù 15 ní owó fàdákà mẹ́wàá. Ẹni tí kò mọ iye tí ó ní kò lè mọ̀ pé ó ku mẹ́sàn-án. Kí o tó sọ̀ nínú dáńfó, kí o tó kúrò ní báńkì tàbí lórí àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, ka fóònù, pọ́ọ̀sì, kọ́kọ́rọ́ àti Bíbélì, kí o sì wo ibi tí o jókòó sí.

4. Bí ó bá sọnù, wá a létòlétò. Bí ó bá jẹ́ káàdì ATM tàbí síìmù, kọ́kọ́ pe báńkì tàbí ilé iṣẹ́ fóònù kí wọ́n tì í pa. Lẹ́yìn náà, ṣe bí obìnrin yẹn: tan iná, gbá ilé, wá yàrá kan tán kí o tó bọ́ sí òmíràn.

Má ṣe rẹ̀wẹ̀sì bí kò bá yí padà lọ́sẹ̀ kan. Ní ọdún 2009, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London gbé ìwádìí kan jáde. Ènìyàn 96 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀sẹ̀ 12 bí wọ́n ti ń kọ́ àṣà tuntun. Nínú àwọn tí ó mọ́ lára dáadáa, ọjọ́ 66 ni ó wà láàrín gbùngbùn. Ó yá ẹlòmíràn ní ọjọ́ 18, wọ́n sì ṣírò pé yóò gba ẹlòmíràn tó ọjọ́ 254. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé fífo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ọmọ tí ń sọ nǹkan nù ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì gégùn-ún fún un. Sísọ nǹkan nù lemọ́lemọ́ wà lára àwọn àmì tí dókítà fi ń mọ àìlera tí wọ́n ń pè ní ADHD, ìtọ́jú sì wà fún un. Bí àgbàlagbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá sì dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan nù, tí ó tún ń ṣìnà ní àdúgbò tirẹ̀, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Olùfẹ́, ta ni o ti pè ní olè nítorí ohun tí o padà rí? Bí ojú àpá kò tilẹ̀ lè jọ ojú ara, ẹ̀bẹ̀ a máa wo egbò sàn. Má ṣe jẹ́ kí oòrùn òní wọ̀ kí o tó wí fún un pé, “Má bínú, èmi ni mo ṣi ọ̀nà.” Sọ ọ́ lójú àwọn tí o ti fẹ̀sùn kàn án.

Iṣẹ́ ṣíṣe lónìí: Kí o tó jáde, kan ìṣó náà, gbé abọ́ náà kalẹ̀, kí o sì fi ibẹ̀ han gbogbo ará ilé.

Àdúrà: Baba, kọ́ mi láti jẹ́ olóòótọ́ nínú ohun kékeré tí O fi sí ìkáwọ́ mi. Gba ẹnu mi lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké. Mú ọkàn mi wà níbi tí ọwọ́ mi wà, ní orúkọ Jésù. Àmín.