Odindi Ọ̀rọ̀ ni Kí O Kọ

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọ́dítọ̀. O kú oríire. Iṣẹ́ tí èmi náà ṣe títí irun fi funfun nìyẹn, nítorí náà, jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan kí o tó ra báàgì àti bàtà iṣẹ́. Gbogbo ẹni tó bá kí ọ báyìí ni yóò máa sọ pé o mọ ìṣirò gan-an ni. Ìṣirò kọ́ ni yóò dà ọ́ láàmú. Kọ̀ǹpútà yóò bá ọ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí o bá kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìṣirò náà ni yóò máa mú ọ̀gá rẹ mí kanlẹ̀ lálẹ́.

Bébà la ń tà. Nígbà tí Akintola Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di chartered accountant ní 1949, dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1952, kò ní ọjà kankan lórí igbá ju ìwé tí ó fọwọ́ sí lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí dòní. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ràn àtimáa kọ̀wé, ìdí tí òun fi lọ kọ́ ìṣirò owó nìyẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ló bá lọ.

Ilé Yorùbá la ti tọ́ ọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Bí ìyá rẹ bá ti ṣẹ́jú sí ọ níwájú àlejò, o ti mọ ohun tó ń wí. Ẹ̀kọ́ rere ni, má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì ọ́dítọ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, torí pé ẹni tí yóò kà á lè máà mọ̀ ọ́ rí. Ó lè jẹ́ ọ̀gá tó jókòó ti fáìlì ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó lè jẹ́ àwọn tí Financial Reporting Council rán wá yẹ iṣẹ́ wò, ó sì lè jẹ́ agbẹjọ́rò ní kóòtù, lẹ́yìn tí ìwọ ti wà ní Kánádà. Kò ní rí ọ bi.

Ìlànà iṣẹ́ gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. ISA 230, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà ọ́dítọ̀ àgbáyé, tó dá lórí àkọsílẹ̀ ọ́dítọ̀, ní kí a kọ ọ́ débi pé ọ́dítọ̀ mìíràn tó nírìírí, tí kò bá wa dá sí iṣẹ́ ọ̀hún rí, yóò mọ ohun tí a ṣe, ohun tí a rí, àti ibi tí a fàbọ̀ sí. Ó tún ní àlàyé ẹnu nìkan kò tó láti gbé iṣẹ́ tí a ṣe ró. Nítorí náà, bí mánéjà bá bi ọ́ ní ìbéèrè, tí o sì ń sáré ṣàlàyé, yóò kàn wò ọ́, yóò ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀." Má bínú. Kì í ṣe pé kò gbà ọ́ gbọ́.

Jẹ́ ká mú irú iṣẹ́ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọ tuntun: kíka ọjà ní stọ́ọ̀ lópin ọdún. O dé láti Ọ̀tà, o kọ ọ́ pé, "A ka símẹ́ǹtì. Ó dín díẹ̀. Olùtọ́jú stọ́ọ̀ ti ṣàlàyé, kò sí wàhálà." Lójú tìrẹ, iṣẹ́ ti parí. Lójú ẹni tó ń kà á, o kò tíì bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ jẹ́ mélòó? Àlàyé wo ló ṣe? Ìwé wo lo rí? Ta ló ní kò sí wàhálà, ṣé ìwọ ni àbí olùtọ́jú stọ́ọ̀? Wá wo èyí: "Lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, mo ka àpò símẹ́ǹtì ní stọ́ọ̀ Ọ̀tà níṣojú olùtọ́jú stọ́ọ̀. A ka 1,860. Ìwé stọ́ọ̀ sọ pé 1,900. Àpò 40 tó dín ti jáde lọ sọ́dọ̀ oníbàárà lọ́jọ́ 30. Mo rí ìwé ìkójà-jáde tí oníbàárà fọwọ́ sí, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì. Wọn kò tíì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé stọ́ọ̀. Mo ti ní kí wọ́n yọ ọ́. Mo sì wò ó bóyá wọ́n ti kọ títà náà mọ́ ọjà ọdún yìí: wọ́n ti kọ ọ́."

Kò sí gírámà kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, iṣẹ́ náà dúró. Tún kíyè sí ohun tó gbẹ̀yìn yẹn. Ẹnikẹ́ni ló lè ka àpò. Ọ́dítọ̀ ló ń rántí pé ọjà tó jáde kí ọdún tó pa gbọ́dọ̀ wà nínú títà ọdún náà, kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò ní wá sí ọ lọ́kàn títí o ó fi jókòó kọ ọ́ ní odindi. Ìdí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é nìyẹn, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí mánéjà bá ń kan ilẹ̀kùn.

Láàrin oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, nígbà tí iṣẹ́ bá gùn wọ́n lórí, ìwà kan máa ń wọlé. Wọ́n á ṣí fáìlì èṣí, wọ́n á da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, wọ́n á yí ọdún padà. SALY ni wọ́n ń pè é nínú iṣẹ́ wa, ìyẹn ni pé bí ti èṣí náà ni. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sọ pé a bá olórí ìṣirò sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, nígbà tí bàbá náà ti fẹ̀yìn tì láti oṣù Kẹta. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí o fa àmì sí ohun tí o kò wò. Irọ́ ni. N kò mọ orúkọ mìíràn fún un.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ ímeèlì kì í fọ́ ní tiẹ̀. Ó ń dúró dè ọ́ ni.

Ní oṣù Kẹwàá 2001, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Enron bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Arthur Andersen ni ọ́dítọ̀ wọn. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní Houston kọ àkọsílẹ̀ kan nípa ìkéde tí Enron ṣe lórí èrè àti àdánù rẹ̀, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé àwọn ti kìlọ̀ fún wọn lórí ọ̀rọ̀ kan tó lè ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Lọ́jọ́ 16 oṣù náà, agbẹjọ́rò tó wà nínú ilé-iṣẹ́ ọ́dítọ̀ náà fi ímeèlì kúkúrú dá a lóhùn: kó yọ orúkọ òun kúrò, kó sì yọ ibi tó lè mú kí èèyàn rò pé àwọn gbà pé ìkéde náà ń ṣini lọ́nà. Ohun tí ayé rántí ni àwọn ìwé Enron tí àwọn òṣìṣẹ́ Andersen fi ẹ̀rọ gé wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aráàlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà dá Andersen lẹ́bi ní oṣù Kẹfà 2002, àwọn kan nínú wọn sọ pé ímeèlì yẹn gan-an ló mú àwọn dé ibẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ náà ní 2005, torí pé àlàyé òfin tí adájọ́ ṣe fún àwọn aráàlú náà kò péye. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ bí 85,000 káàkiri ayé ti túká ṣáájú ìgbà náà. Gbólóhùn mélòó kan péré ló wà nínú ímeèlì ọ̀hún o.

Nítorí náà, bí o bá rí ìsanwó tí kò ní ìwé ẹ̀rí, kọ pé kò ní ìwé ẹ̀rí. Má kọ pé olè ni wọ́n, má sì kọ pé ó jọ pé kò sí nǹkan kan. WhatsApp kò yàtọ̀. Àpárá tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ bá dá nípa oníbàárà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ ni.

Ibi tó le jù fún ọmọ Yorùbá ni kíkọ̀wé sí àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọ́, olórí ìṣirò tí o fẹ́ kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ lè bí ọ lọ́mọ. Ìtìjú á mú ọ, o ó wá kọ ọ́ pé, "Ó ṣeé ṣe kí àwọn ibì kan wà tí a lè túbọ̀ ṣe dáadáa sí i." Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Bẹ́ẹ̀ ohun tí o rí ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ ṣéèkì, tó ń fọwọ́ sí i, tó tún ń fi ìwé ilé-iṣẹ́ wé ti báńkì. ISA 265 ní irú àléébù ńlá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn olùdarí ní kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú àlàyé ohun tó lè dá sílẹ̀. Kọ ọ́ báyìí pé: ẹnì kan ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó lè jáde láìsí ẹni tí yóò mọ̀, ẹ gbé ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ni kí o kọ̀wé lé lórí, má kọ ọ́ lé orí bàbá náà. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà níbòmíràn: wọlé tọ̀ ọ́ lọ, kí i dáadáa, fi ohun tí o kọ hàn án kí ó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí ó lè fèsì, kí ó má sì jẹ́ pé ẹnu ọ̀gá àgbà ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ti rí àgbà tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kékeré lórí irú èyí. N kò tíì rí èyí tó dúpẹ́ pé wọ́n kọ̀wé rírùjú sí òun.

Bí o bá ń yìnbọn gírámà, àwọn tó ń ka ìwé rẹ yóò rò pé o ń fi nǹkan pamọ́, àwọn tó sì rò bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Ní ti ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé, n kò bá ọ jà, ṣùgbọ́n má gbé àṣírí oníbàárà sínú rẹ̀, má sì jẹ́ kó sọ ohun tí ojú rẹ kò rí.

Ní ìpele ìkẹyìn ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn chartered accountant Nàìjíríà, wàá bá iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Case Study, níbi tí wọn kò ti bi ọ́ ju kí o ro ọ̀rọ̀ kan jinlẹ̀, kí o kọ ìjábọ̀ tó já gaara. Má dúró dè é kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíkọ dánra wò. Ìwé ìṣirò ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lórí Nigerian Exchange, ọjà ìpín-ìdókòwò wa, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣí ọ̀kan, fo àwòrán àwọn olùdarí tó ń rẹ́rìn-ín, lọ sí ìjábọ̀ ọ́dítọ̀. Láti ìgbà tí ISA 701 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òpin 2016, ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ kọ níbẹ̀ ohun tó gbà á ní ìrònú jù nínú iṣẹ́ ọdún náà, ìdí rẹ̀, àti ohun tó ṣe sí i. Ka ti báńkì kan, ka ti ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì kan. Lẹ́yìn náà, pa ìwé náà dé, kọ ọ́ ní tìrẹ, kí o wá fún ẹnì kan nínú ilé tí kò mọ ohunkóhun nípa ìṣirò owó. Ibi tó bá ti béèrè pé, "Kí lèyí?", ibẹ̀ ni kí o tún kọ.