Omi Mímu ní Ilẹ̀ Àjòjì

Àwọn àgbà a máa wí pé, àjèjì ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nípa omi mímu. Arìnrìn-àjò rí omi tí ó mọ́ gaara nínú ife, ṣùgbọ́n kò rí kòkòrò àrùn tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí wọ́n kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Nípa irú omi bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ ọ̀rìn, àrùn onígbáméjì àti ibà táífọ́ọ̀dù ń gbà wọ ara ènìyàn.

Arnold Bennett jẹ́ òǹkọ̀wé olókìkí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mu omi ẹ̀rọ ní ìlú Párísì. Nígbà tí ó padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ibà táífọ́ọ̀dù gbé e dùbúlẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, li ọdún 1931. Lónìí omi ẹ̀rọ Párísì dára fún mímu, ṣùgbọ́n ilẹ̀ púpọ̀ ṣì wà tí a kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn. Nítorí náà kí ẹni tí ń lọ sí òkèèrè kíyèsí nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí ó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi tí kò bá tòrò, lẹ́yìn náà kí ó sè é. Nígbà tí omi bá ń hó tí ó ń ru sókè, kí ó fi í sílẹ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú 1. Ní ibi gíga bíi Addis Ababa, ní ilẹ̀ Etiópíà, omi a máa hó kí ó tó gbóná tó ti ìsàlẹ̀. Nítorí náà kí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 3. Kí ó sì bò ó títí yóò fi tutù.

2. Kí ó má ṣe fi omi dídì sínú ohun mímu. Òtútù kì í pa gbogbo kòkòrò àrùn.

3. Bí ó bá ra omi inú ìgò, kí ó wò ó bóyá a kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀ rí.

4. Omi kan náà tí ó ń mu ni kí ó fi fọ ẹnu.

5. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, kí ó po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí kò kún bo etí, mọ́ lítà 1 omi sísè, kí ó sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ibà bá bá a rìn, kí ó tọ oníṣègùn lọ láìjáfara.

Ìṣẹ́jú kan lórí iná kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí tí yóò padà délé.