Ìgbékalẹ̀, Ibùdó àti Ìmúbámu: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Fífi Ètò Kọ̀ǹpútà sí Orí Sáfà

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kọjá ohun tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, wà fún: ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni bí a ṣe ń fi ètò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ńlá sí orí sáfà kò lè ṣe kí ó má bá wọn pàdé. Bí ó bá sì ṣi ọ̀kan lò, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣi iṣẹ́ ṣe lórí ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi J2EE ṣe àpẹẹrẹ, ìlànà tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde ní 1999, tí a yí orúkọ rẹ̀ sí Java EE ní 2006, tí ó sì ń jẹ́ Jakarta EE láti 2018 lábẹ́ Eclipse Foundation. Ìlànà yìí pín iṣẹ́: ẹnì kan pèsè àwọn ẹ̀yà ètò, ẹnì kejì tò wọ́n pọ̀ di odindi, ẹnì kẹta gbé odindi náà kalẹ̀ sórí sáfà, alámòójútó sì ń tọ́jú sáfà náà. Nítorí ìpín iṣẹ́ yìí gan-an ni a kò fi fara mọ́ ‘olùpèsè’ tí àwọn kan ń lò fún sáfà. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn ni orúkọ yẹn tọ́ sí. Bí a bá tún fi pe ẹ̀rọ, gbólóhùn bíi ‘ọ̀dọ̀ olùpèsè ni àṣìṣe náà ti wá’ yóò pọ́n-na. Àyálò ‘sáfà’ ni kí a dì mú.

Fún iṣẹ́ ẹnì kẹta, ọ̀rọ̀ méjì ni ó ń du ipò: ìfilọ́lẹ̀ àti ìgbékalẹ̀. Ìfilọ́lẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń fi nǹkan lọ́lẹ̀, tìlù-tìfọn ni a sì sábà máa ń ṣe é. Ètò kan náà ni a lè gbé kalẹ̀ nígbà mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. ‘Gbé kalẹ̀’ sì ní òdì tirẹ̀, ‘gbé kúrò’, iṣẹ́ méjèèjì ni sáfà sì ń ṣe. Lóòótọ́, àwọn onílítíréṣọ̀ ti ń lo ìgbékalẹ̀ fún bí a ṣe to ìtàn, ṣùgbọ́n a kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò ṣi ìtàn mú fún sáfà.

Sáfà kan ṣoṣo kọ́ ni ètò ń dé. Ó ń wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ ọ́, ó ń wà níbi tí a ti ń dán an wò, ó sì ń wà níbi tí àwọn òǹlò ti ń fi ṣiṣẹ́. A pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ‘ibùdó’: ibùdó ìṣẹ̀dá, ibùdó ìdánwò, ibùdó iṣẹ́ gidi. ‘Ibùdó ìdàgbàsókè’ àti ‘ibùdó ìmújáde’ jẹ́ ìtumọ̀ olọ́rọ̀-dọ́rọ̀. Ìlú ni ó ń ní ìdàgbàsókè, a kò sì mú ohunkóhun jáde ní ibùdó kẹta.

Ibi tí ó le nìyí. Báwo ni ètò kan náà yóò ṣe ṣiṣẹ́ ní ibùdó mẹ́ta tí àká-ìsọfúnni wọn àti ọ̀rọ̀ ìfiwọlé wọn yàtọ̀? Bí a bá kọ orúkọ àká náà sínú ètò, a ó máa tú u, a ó máa tún un tò bí ó ti ń ṣí láti ibùdó dé ibùdó. Èyí tí a dán wò kọ́ ni àwọn òǹlò yóò rí mọ́. Bí ẹnì kan bá sì gbàgbé láti yí orúkọ náà padà, ètò tí a ṣì ń dán wò lè máa kọ owó tí kò sí sínú ìwé owó àwọn ènìyàn.

Oyè ni J2EE fi yanjú rẹ̀. Bí a bá kọ lẹ́tà sí ‘Baálẹ̀’, ìlú tí lẹ́tà náà dé ni yóò sọ ẹni tí yóò ṣí i. A kì í tún lẹ́tà kọ nítorí pé Baálẹ̀ ìlú kan yàtọ̀ sí ti ìlú kejì. Bákan náà ni ètò ń béèrè àká rẹ̀ ní orúkọ oyè, bíi ‘jdbc/Banki’, tí a kéde nínú fáìlì web.xml. Fáìlì mìíràn, tí ó jẹ́ ti irú sáfà kọ̀ọ̀kan, ni ó ń so oyè náà mọ́ ohun tí sáfà mọ̀: weblogic.xml fún WebLogic, jboss-web.xml fún JBoss. Ẹ ṣàkíyèsí pé inú ìdì ètò ni fáìlì wọ̀nyí ń gbé, nítorí náà irú sáfà ni wọ́n ń mú ètò bá mu. Àká gan-an, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìfiwọlé rẹ̀, orí sáfà ni alámòójútó ti ń kéde rẹ̀, ní ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni a pè ní ìmúbámu. ‘Ìṣètò’ tí àwọn atúmọ̀ kan yàn kò ṣe é gbà, nítorí ètò ti dúró fún ohun tí a ń gbé kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé kíkọ ètò ni ìṣètò, bẹ́ẹ̀ yíya méjèèjì sọ́tọ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà.

Ní 2011, Adam Wiggins ti ilé-iṣẹ́ Heroku kọ The Twelve-Factor App, tí ó ní kí a kó ohun tí ń yàtọ̀ láti ibùdó dé ibùdó sínú àwọn oníyípadà tí ibùdó fúnra rẹ̀ ń fún ètò. Òṣùwọ̀n rẹ̀ wúlò fún olùkọ́: ǹjẹ́ a lè fi gbogbo ètò náà han aráyé lónìí láìtú àṣírí ọ̀rọ̀ ìfiwọlé kankan? ‘Oníyípadà ibùdó’ ni a dábàá fún wọn. Ẹni tí ó bá fi ‘àyíká’ rọ́pò ibùdó ni yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé fún kíláàsì pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kò sí níbẹ̀.