Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: "Wọ́n Ní" Kì Í Ṣe "A Rí I"

Ní báyìí tí ẹ ti mọ ìwé kà, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti di akàwé fún gbogbo ilé. Bí ìwé ìròyìn bá dé, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ inú fóònù, wọn a ní, "Ẹ bá wa kà á, kí ló wí?" Ohun tí ẹ bá kà síta ni ará ilé yóò gbà gbọ́. Nítorí náà, a fẹ́ kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lónìí. Kò tóbi lójú, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí: "allegedly". Báyìí ni a ń pè é: à-lẹ́-jìd-lì. Ẹ tún un pè.

ÌTUMỌ̀ RẸ̀

Inú ọ̀rọ̀ "allege" ni ó ti jáde. Bí ẹnì kan bá "allege", ó sọ pé nǹkan rí báyìí, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹ̀rí tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn ni. "Allegedly" wá túmọ̀ sí pé: wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé irọ́ ni. Kò sì sọ pé òótọ́ ni. Ó kàn ń sọ fún wa pé ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì yìí:

1. "Lágbájá stole the goat." Lágbájá jí ewúrẹ́ náà.
2. "Lágbájá allegedly stole the goat." Wọ́n ní Lágbájá jí ewúrẹ́ náà.

Nínú èkíní, ẹni tó kọ̀wé ti dá Lágbájá lẹ́bi. Nínú èkejì, ó ń jíṣẹ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ya méjèèjì.

IBI TÍ Ó MÁA Ń WÀ

Ẹ tún wo àpẹẹrẹ kejì. Yorùbá a máa fi "wọ́n ní" ṣíwájú. Kí a tó gbọ́ orúkọ Lágbájá rárá, etí wa ti gbọ́ pé "wọ́n ní". Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ti "allegedly" sí àárín, láàárín orúkọ àti ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Ẹni tí ó bá ń sáré kàwé lè fò ó. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì nípa olè, ìjà tàbí owó tó sọnù, ẹ fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ wá a.

ÀWỌN ỌMỌ ÌYÁ RẸ̀

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí ó jọ ọ́. A kò gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀.

"Reportedly": a gbọ́ pé. Ìròyìn lásán ni èyí, ó lè jẹ́ rere, ó lè jẹ́ búburú. "The chief reportedly travelled." A gbọ́ pé olóyè ti rin ìrìn àjò. Ìrìn àjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà a kò lo "allegedly" níbẹ̀.

"Apparently": ó jọ bí ẹni pé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ojú rí ni a fi gbé e. Ẹ kan ilẹ̀kùn, kò sí ìdáhùn, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó jọ bí ẹni pé kò sí ènìyàn nílé.

ÌGBÀ TÍ A KÌ Í LÒ Ó

Iná jó ọjà. Gbogbo ìlú rí eérú. Kò sí "wọ́n ní" níbẹ̀. Iná jó ọjà ni. Ṣùgbọ́n ta ló fa iná? Níbẹ̀ ni "wọ́n ní" ti bẹ̀rẹ̀. Bí adájọ́ bá sì ti gbọ́ ẹjọ́, tí ó fi ẹ̀rí dá ẹnì kan lẹ́bi, a lè sọ pé ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Kí ó tó di ìgbà náà, afurasí ni; a kì í pè é ní ọ̀daràn.

BÍ "WỌ́N NÍ" ṢE Ń JÁBỌ́ LỌ́NÀ

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe máa ń rí. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé: "Wọ́n fẹ̀sùn kan akọ̀wé ẹgbẹ́ kan pé ó ná owó ẹgbẹ́."

Bàbá kà á, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀: "Wọ́n ní akọ̀wé ná owó ẹgbẹ́."
Ìyàwó sọ fún ará ilé kejì: "Akọ̀wé mà ti ná owó ẹgbẹ́ o!"
Ará ilé kejì dé ọjà: "Olè ni akọ̀wé yẹn. Ó pẹ́ tó ti ń jalè."

Kò sí ẹni tó gbèrò láti purọ́ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló jábọ́ lọ́nà. Bí akọ̀wé bá wá jàre lọ́la, ta ni yóò padà lọ sí ọjà lọ tún orúkọ rẹ̀ ṣe? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe orúkọ nìkan ni ó ń bàjẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, èrò fi ẹ̀sùn olè kan ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ọmọ yunifásítì. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Adájọ́ kankan kò gbọ́ ẹjọ́ wọn kí wọ́n tó kú. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lórí ìpànìyàn náà. Ẹ̀mí mẹ́rin ti lọ ná.

Ní ọdún 2014 pẹ̀lú, nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà wọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù: wọ́n ní kí a mu omi iyọ̀, kí a sì fi wẹ̀, àrùn náà kò ní mú wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé omi iyọ̀ lè ṣe ènìyàn léṣe. Ìwé ìròyìn jábọ̀ pé àwọn kan dé ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀. Ta ni "wọ́n" tó kọ́kọ́ sọ ọ́? A kò rí i.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, ẹsẹ 5, sọ pé ẹni tí a bá fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn, aláìlẹ́bi ni a óò kà á sí títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì sọ pé, àfi níbi tí òfin bá gbà á láyè, ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ. Kí ẹni tó fojú rí i wá sọ ọ́. Àwọn bàbá wa náà ti wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Kí ènìyàn má rò pé bí òun bá ti fi "wọ́n ní" síwájú, òun lè sọ ohunkóhun nípa ọmọnìkejì òun. Ẹni tó bá gbé irọ́ ẹlòmíràn kiri lè jẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, bó tilẹ̀ kọ "allegedly" síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ kà fún ẹlòmíràn, ẹ bi ara yín pé:
1. Ta ni ó sọ ọ́? Ǹjẹ́ ó ní orúkọ, àbí "wọ́n" ni?
2. Báwo ni ó ṣe mọ̀? Ṣé ó rí i ni, àbí ó gbọ́ ọ?
3. Ǹjẹ́ a ti gbọ́ ẹnu ẹnì kejì? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Bí ẹ bá sì ń ka ìròyìn síta fún ará ilé, ẹ gbé "wọ́n ní" dání bí ẹ ṣe bá a nínú ìwé. Ẹ má jẹ́ kó jábọ́ lọ́wọ́ yín.

ÌDÁNRAWÒ

Ẹ ka gbólóhùn wọ̀nyí. Èwo ni ó yẹ kí "wọ́n ní" wà níwájú rẹ̀? Ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín.
1. Òjò rọ̀ lánàá, omi wọ ilé wa.
2. Awakọ̀ náà mutí kó tó wa ọkọ̀.
3. Ilé ẹjọ́ dá Lágbájá sílẹ̀.
4. Ìyálọ́jà kó owó ọjà jẹ.