Ẹni Tó Gbẹ̀yìn Lórí Òkè

Bíbélì kíkà: Máàkù 2:1-12
Fún àṣàrò: Jẹ́nẹ́sísì 33:12-14, Gálátíà 6:2

Olùfẹ́, bí o ti ń ka ìwé yìí lówùúrọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí o ti máa wo aago. O fẹ́ kúrò ní Ajégúnlẹ̀ kí tírélà tó tò sí Wharf Road. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá ló ń rí bọ́ọ̀sì wọ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ìtàn ìrìn àjò kan fún ọ, níbi tí ẹsẹ̀ yíyá ti kó ìtìjú bá mi.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ póli, àwa mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ pinnu láti gun kẹ̀kẹ́ láti Iléṣà dé Adó-Èkìtì. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń wí o, kì í ṣe Márúwá. Arábìnrin kan wà láàrin wa tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú láti kékeré. Ọwọ́ ló fi ń wọ́ lọ sí kíláàsì, ó a ki sílípáàsì bọ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. A fẹ́ ra àga onítáyà fún un. A gbé ìwé lọ bá àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn ìjọ, oníkálukú sì kọ iye tí yóò san sílẹ̀. Àdéhùn kan ló wà níbẹ̀: àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ dé Adó.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn náà dùn. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ ti kọ́ wa pé kí a tò tẹ̀lé ara wa. Bí ènìyàn bá ń sáré lórí kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, atẹ́gùn ló ń bá a jà jù. Ẹni iwájú ló ń la atẹ́gùn náà, ẹni tó bá sì sún mọ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ lè fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́. Bó bá rẹ ẹni iwájú, a bọ́ sẹ́yìn, ẹlòmíràn a gba ipò rẹ̀. Báyìí ni àwọn tí kò lágbára ṣe ń bá wa lọ. A ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kò sì ná wa ní nǹkan kan.

Nígbà tí a wá kọjú sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, òkè bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti gba ibẹ̀ rí, o mọ bí ọkọ̀ gan-an ṣe ń kérora. Lórí òkè, eré ti dín kù, atẹ́gùn kì í ṣe ìṣòro mọ́. Ìwúwo ara rẹ ni ò ń gbé gòkè, kò sì sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni tí o lè sá pamọ́ sí. Ohun tí alágbára lè ṣe fún aláìlágbára níbẹ̀ kò ju kí ó rọra lọ, tàbí kí ó dúró dè é. Ìyẹn sì ń ná ènìyàn ní nǹkan.

Èmi kò dúró. Mo wà lára àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ dé òkè. A mu omi, a ya fọ́tò, a kọrin ìyìn. Ó tó wákàtí kan kí ẹnì kan tó ka iye wa: méje. Èyí tó kéré jù nínú wa, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ àyálò ló gùn, ṣéènì rẹ̀ ti já nísàlẹ̀. Inú àpò mi ni gbogbo irinṣẹ́ wà! Ó ti ń ti kẹ̀kẹ́ náà bọ̀ nínú oòrùn, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. Nígbà tí mo padà lọ bá a, kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá yín dúró." Ì bá sàn fún mi kí ó bú mi.

A kò dé Adó lọ́jọ́ náà. Ilé ìjọ kan ní Àrámọkọ ni a sùn sí. Ní ọjọ́ kejì a fi àbúrò yìí síwájú, a ní eré tí ó bá lè sá ni gbogbo wa yóò sá. Jékọ́bù ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ísọ̀ fẹ́ kí wọ́n jọ máa yára lọ: ó wo àwọn ọmọdé àti ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú, ó ní ìrìn tiwọn ni òun yóò máa rìn. Owó àga náà kù díẹ̀ kó pé. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ló fi èyí tó kù kún un.

Wá wo àwọn ọkùnrin mẹ́rin inú Bíbélì kíkà wa. Ibùsùn kan, igun mẹ́rin. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sáré ju ìyókù lọ, aláìsàn á já bọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ráyè lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹni tó ru ènìyàn kì í tètè débi tó ń lọ. Àwọn tí ọwọ́ wọn ṣófo ti dé ṣáájú, wọ́n ti gba gbogbo ààyè, wọn kò sì yà fún wọn. Ìyẹn ni wọ́n fi gun orí òrùlé. (Bíbélì kò sọ ẹni tó tún òrùlé náà ṣe. Ọkàn mi máa ń lọ síbẹ̀.) Ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e wá wà nínú ohun tí Jésù rí.

Olùfẹ́, ǹjẹ́ o mọ̀ pé wọ́n ti dúró de ìwọ náà rí? Ní ọdún 2012, ènìyàn 223 ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní gbogbo ayé. 122 nínú wọn wà ní Nàìjíríà. Àwa la gbẹ̀yìn lórí òkè. Ní ìlú Tucson ní Amẹ́ríkà, ìlú tí òkè yí ká, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kóra jọ nínú oṣù kọkànlá láti gun kẹ̀kẹ́ bí ọgọ́rùn-ún máìlì lóòjọ́, kí wọ́n lè rí owó fi gbógun ti àrùn náà. Àjọ àánú Gates sì ń fi dọ́là méjì kún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí Rotary bá mú wá. Ọmọ wa Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó ní ọdún 2022 nítorí ọ̀rọ̀ kan náà, ọjọ́ 41 gbáko. Kò sí bí wọ́n ṣe lè kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ ògidì kòkòrò àrùn yìí láìjẹ́ pé Nàìjíríà bọ́. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde rẹ̀. Oríṣi rẹ̀ mìíràn ṣì ń yọjú, nítorí náà bí àwọn tó ń kán oògùn sẹ́nu ọmọ bá kan ilẹ̀kùn rẹ, jọ̀wọ́ ṣí i.

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò mọ́ra mi kí n tó dákẹ́. Ní ẹ̀ka ìjọ tí mo ń darí nítòsí Wharf Road, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a ti ń jọ́sìn. Arákùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Boundary máa ń wá lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fi ọwọ́ wà, ó ń gba àárín àwọn tírélà. Bó bá dé, ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, tó ń gbọ́ ìwàásù láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọdún mẹ́rin! A ra ẹ̀rọ tuntun kí ó lè máa gbọ́ dáadáa, mo sì rò pé a ti ṣe dáadáa. Nígbà tí mo wá bi í léèrè bóyá kí ọkùnrin mẹ́rin máa gbé e gòkè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ní báyìí, ìsàlẹ̀ ni a ti ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Ariwo tírélà pọ̀ níbẹ̀. Ti ọjọ́ Ìsinmi ṣì wà lókè, a ń wá ibi tó tẹ́jú tí a lè yá.

Àdúrà: Baba, dárí jì mí fún gbogbo ìgbà tí mo ti mu omi lórí òkè láì ka iye wa. Fi ẹni tí mo fi sílẹ̀ hàn mí lónìí, kí o sì fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti padà lọ bá a, ní orúkọ Jésù. Àmín.