Ẹ̀kọ́ Òwò fún Àwọn Ọmọ Wa tí Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù dá òwò sílẹ̀. Ẹ̀rù irú òwò bẹ́ẹ̀ ń ba àwọn òbí kan. A kò dá wọn lẹ́bi, nítorí àwọn ọmọ kan ti fi kọ̀ǹpútà lu jìbìtì. Ṣùgbọ́n òwò ni òwò ń jẹ́, ìlú Àpòmù kì í sì ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọjà Àpòmù àtijọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ná ọjà. Nígbà tí ó yá, àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí ó wá ná ọjà lẹ́rú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ìjà lórí ataare tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, nínú ọjà wa yìí, wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1821. Ẹ wo bí ọjà ńlá ṣe bàjẹ́. Kì í ṣe pé ẹrù tán. Ìfọkàntán ni ó tán. Ẹni tí ó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, tí oníbàárà kò rí ojú rẹ̀ rí, nílò ìfọkàntán yìí ju ẹni tí ó pàtẹ sójú ọjà lọ.

Ibo ni kí ọmọ ti rí iṣẹ́ tí yóò ṣe? Àwọn ará ilé wa ní Ìkirè ti dáhùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n dín nínú epo pupa, tí wọ́n sì ń tà fún arìnrìn-àjò ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. (Àwa náà kì í kọjá níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.) Ohun tí ń ṣòfò ni wọ́n wò, wọ́n sì wo ẹni tí ebi ń pa lójú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa. Ní 2009, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, Ayodeji Adewunmi, Opeyemi Awoyemi àti Olalekan Olude kò jókòó lásán. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó jáde ilé-ìwé ń wá iṣẹ́ kiri, wọ́n sì dá Jobberman sílẹ̀, níbi tí ẹni tí ń wáṣẹ́ àti ẹni tí ń wá òṣìṣẹ́ ti lè pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkókò tí ẹlòmíràn fi sùn ni wọ́n fi ṣe owó ìpìlẹ̀.

Èyí tí ó wù wá jù ni ti kóló. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 2015, obìnrin kan fi àwòrán kóló onígi rẹ̀ han ayé lórí Twitter. 1,000 náírà ni ó ń sọ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní gbogbo ọdún náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n jáde ní Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà, Odunayo Eweniyi wà lára wọn, rí àwòrán yìí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Piggybank ní 2016, èyí tí ó di PiggyVest ní 2019. Àwọn kọ́ ni wọ́n pilẹ̀ ìfowópamọ́. Kóló ti wà, àjọ ti wà, èésú ti wà. Ohun tí ń yọ oníkóló lẹ́nu ni wọ́n wò: ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni í fọ́ kóló kí ọdún tó pé. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí ó bá yọ owó ṣáájú ọjọ́ tí ó dá yóò san owó ìtanràn. Ní ti èlé tí wọ́n ń san, kí ọmọ wa lọ bi aáfà rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi rí iṣẹ́ ni àwa ń sọ.

Owó púpọ̀ nìkan kò tó. Ilé-iṣẹ́ 54gene, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 láti ṣe ìwádìí àbùdá àwọn ọmọ Áfíríkà, rí owó tí ó ju mílíọ̀nù 40 dọ́là gbà lọ́wọ́ àwọn olówó. Ní 2023 ó ti kógbá sílé. Kí ọmọ tí ń sunkún pé òun kò rí owó ìpìlẹ̀ gbé èyí yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí gan-an nìyí. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n jọ kàwé dá ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ọ̀kan mú owó wá, èkejì mọ iṣẹ́. Wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, wọ́n ní ọ̀rẹ́ ni àwọn. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jóná, olówó ní kí oníṣẹ́ san ìdajì. Oníṣẹ́ ní òun ti ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́jọ láìgba owó oṣù. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé bàbá wọn méjèèjì kò kí ara wọn mọ́ ní mọ́sálásí.

Áyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì alápọ̀n-ọ́nlé, ìyẹn 282 nínú Súratul-Bákárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Àwọn onímọ̀ wa sì ti ṣàlàyé òwò mudárábà tipẹ́: ẹnì kan mú owó wá, ẹnì kejì mú iṣẹ́ wá. Bí wọn yóò ti pín èrè, ìdá ni wọn yóò dá a, ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí òwò bá wọ gbèsè láìsí àìbìkítà oníṣẹ́, olówó ni ó pàdánù owó, oníṣẹ́ pàdánù làálàá rẹ̀. Bí àwọn ọmọ wa bá ti kọ èyí sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ta ni ì bá máa jà?

Ohun mìíràn ni àpò owó. Kí owó ṣọ́ọ̀bù má wọ àpò kan náà pẹ̀lú owó ọbẹ̀. Kí a ra ìwé kan, kí a máa kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde lálaalẹ́, ìbáà ṣe 50 náírà. Bákan náà, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 fi àyè gba ẹnì kan ṣoṣo láti dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Kò di dandan kí ọmọ wá alábàáṣe tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí.

Àwọn ọmọ méjì yẹn ti parí ìjà. Ìwé àdéhùn tuntun wà nílẹ̀, ìdá márùn-ún ni wọ́n pín èrè sí, mẹ́ta fún oníṣẹ́, méjì fún olówó, bàbá wọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọn kò tí ì rí owó tún ṣe.